Ẹ̀yìn Ààlà Méjìléláàádọ́rin

Kí ológun kan tó gba ìjọba lọ́wọ́ ológun mìíràn nílẹ̀ yìí, COBOL, èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ti ní òfin tirẹ̀, kò sì sí ìbọn tó lè yí i padà. Òfin náà ni pé lórí ìlà kọ̀ọ̀kan tí o bá kọ, àyè méjìléláàádọ́rin péré ni ẹ̀rọ yóò kà. Ohunkóhun tí o bá kọ kọjá ibẹ̀, ẹ̀rọ kò rí i, kò sì ní bi ọ́ pé kí ló dé. O lè bú baba ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ á sì yọrí láìsí wàhálà. Ní ọ́fíìsì wa, ẹ̀yìn ààlà la máa ń pe ibẹ̀.

Ẹ má rò pé ojú lásán la fi sọ ọ́ ní bẹ́ẹ̀. Àgbádárìgì la wà, ààlà ìlú òyìnbó Faransé kò sì jìnnà sí wa. Gbogbo ayé mọ̀ pé ohun tí ìjọba bá ní kò gbọdọ̀ kọjá ààlà ló ń kọjá jù. Ìrẹsì ń kọjá, epo ń kọjá, adìẹ tí wọ́n ti pa tí wọ́n ti dì sínú yìnyín ń kọjá. Tiwa náà ń kọjá, lójú ìwé.

Iṣẹ́ ẹ̀ka wa ni kí a máa fi nọ́ńbà sí ọkọ̀ àwọn apẹja ní etí òkun àti etí ọ̀sà, kí ìjọba lè mọ ọkọ̀ tó ń pẹja àti èyí tó ń ṣe fàyàwọ́. Ìgbà Sáàpù ni, ètò ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n. Wọ́n ti dín owó náírà kù títí ó fi di aláìníláárí, wọ́n sì tún ń sọ fún wa lórí rédíò pé kí a fún àmùrè wa le. Èwo ni àmùrè? Ikùn tí a máa fi àmùrè mú ti lọ sẹ́yìn. Ojú méjèèjì ìwé la fi ń tẹ̀wé, ríbọ́ọ̀nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ti gbẹ débi pé yíǹkì òǹtẹ̀ la fi ń rin ín. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà wà! Ìjọba tí kò ní bébà ní kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé e sínú ilé kan tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń jẹ fèrèsé rẹ̀, wọ́n wá ní kí èmi, tí mo kàwé nílùú Èkó tí mo ní ìrètí pé n óò jókòó sí Íkejà, máa lọ tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá mi sunkún bí ẹni pé wọ́n fi mí bọ òkun. Èmi ò sunkún. Inú ló bí mi.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ló wẹ ìbínú náà nù lára mi. Ọmọ Ẹ̀gùn pọ́ńbélé ni, ará Apa, àgbà oníwàásù ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Yorùbá rẹ̀ ń dún lẹ́nu rẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń gun orí ìgbì, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, mo sì fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ. Ọkùnrin náà kì í bú ènìyàn. Bí ilẹ̀kùn bá gbá a níka, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á ní, “Ọlọ́run ṣeun tí kì í ṣe ojú.” Wọ́n tì í sẹ́yìn nígbà tí ìgbéga kàn án, ó ní kò burú. Wọ́n fi ọmọdé jẹ ọ̀gá lé e lórí ní Íkejà, ó ní kò burú. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé, mo wí nínú ara mi pé àbí bàbá yìí ò ní òróòro ni?

Ó ní òróòro. Ẹ̀yìn ààlà ló ń dà á sí.

Mo ń yẹ prógíráàmù rẹ̀ kan wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni mo rí i pé ní ìkángun àwọn ìlà, lápá ọ̀tún pátápátá, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò mọ̀. HUVE wà níbẹ̀. MAWU wà níbẹ̀. AJOTO pọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Mo rò pé orúkọ ọkọ̀ ni.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni HUVE?”

Ọ̀gá wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo fèrèsé. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ebi ni, lédè wa.”

“MAWU ńkọ́?”

“Ọlọ́run.”

“AJOTO?”

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún, ó tún gbé e wọ̀. “Olè ni, ọmọ mi. Ajotọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, orí káàdì tí ẹ̀rọ ń dá ihò sí lára la ń kọ prógíráàmù sí. Ibi ìkángun yẹn la ń kọ nọ́ńbà káàdì sí, kí a lè tò wọ́n padà bí wọ́n bá já sílẹ̀. Káàdì ti kásẹ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ wá di ilé ahoro. Mo bá ń gbé inú rẹ̀. Ìgbà yòówù tí wọ́n bá ti ka nǹkan kan lórí rédíò tó dùn mí wọra, èmi náà á kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, ọkàn mi á sì fúyẹ́. Ibi tí ẹ̀rọ ò bá ti kà, ìjọba ò lè kà á.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣé ẹ rí àgbà tó ń wàásù lọ́jọ́ ìsinmi pé kí a fọwọ́ wọ́nú! Ọ̀rọ̀ tí kò ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ ló fi ń bá ìjọba jà láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Àmọ́ ó ní òun ò ní kí n dán an wò ní tèmi. Mo ní kí ó má ṣèyọnu, ẹnu mi ti tó mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀ṣì là á yé yín. Bí oníwàásù bá ń fi Yorùbá wàásù ní ìjọ ọ̀gá mi, ògbufọ̀ kan á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa yí i sí Ẹ̀gùn fún àwọn ìyá àgbà iwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọ̀nà tuntun kan dé tí a ó fi máa tọ́jú orúkọ ọkọ̀ sínú àká ńlá kan, SQL ni wọ́n ń pe èdè tí a fi ń bá àká náà sọ̀rọ̀. COBOL ò sì gbọ́ SQL. Nítorí náà, ògbufọ̀ kan wà nínú ẹ̀rọ tó máa kọ́kọ́ ka prógíráàmù, á yí gbogbo SQL inú rẹ̀ sí COBOL, kí ó tó gbé e fún àgbà tó ń sọ ọ́ di iṣẹ́. Èmi ni wọ́n rán lọ kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún ògbufọ̀ náà. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni n óò sọ fún un pé ibi báyìí ni kí o kà dé, báyìí ni kí o ka déètì, kí o sì lọ wo inú àká kí o mọ̀ bóyá orúkọ tí a dá wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí o bá sọ ọ́ tọ́, á dákẹ́. Bí o bá ṣì í sọ, á kígbe mọ́ ọ lórí.

A wà báyìí, a ń jẹ gààrí pẹ̀lú àgbọn, nígbà tí wọ́n fi ológun kan tí wọ́n ń pè ní Mejò jẹ alábòójútó lé wa lórí.

Ọkùnrin náà ga, ó dúdú, bàtà rẹ̀ ń dán débi pé o lè fi ṣe dígí fá irùngbọ̀n. Apá Òkè Ọya ló ti wá, kò gbọ́ Yorùbá, ká má tilẹ̀ ti Ẹ̀gùn. Ọmọ ogun kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá láti ilẹ̀ òkè ló ń bá a gbé báàgì kiri, àwa náà sì sọ ọ́ ní Agbébáàgì. Ohun àkọ́kọ́ tí Mejò ṣe ni pé ó gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja láti Iworo dé ibi tí òpópónà parí sí, ó ní fàyàwọ́ ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Wọ́n kó wọn jọ síwájú ọ́fíìsì wa. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dín kù. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, àwọn èèyàn rí ọ̀kan lára wọn nídìí ọkọ̀ afẹ́ tí Mejò fi ń ṣeré lórí ọ̀sà. Ohun kejì tó ṣe ni pé ó ní òun máa dín òṣìṣẹ́ kù, ẹni tó bá ta félefèle, ilé ló ń lọ, kò sì ní gba kọ́bọ̀ ìfẹ̀yìntì.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dẹ́rù ba ọ̀gá mi. Ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ti dé ọwọ́, ó ku kí ọdún yí. Inú ilé ìjọba ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ ń yan ẹja tà lẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n bá lé e báyìí, iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ á di asán, wọ́n á sì kó ẹrù rẹ̀ síta. Ó wí fún mi pé, “Ọmọ mi, ọkọ̀ mi ti rí èbúté. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó dànù níbi omi kò ti ju orúnkún lọ.”

Sákúlà dé, ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Mejò. Gbogbo ìwé tó bá máa ti ọ̀dọ̀ wa jáde gbọ́dọ̀ ní orúkọ Mejò àti gbogbo oyè rẹ̀ lórí. Ẹ sì gbọ́ o, oyè ọ̀hún! Alábòójútó Gbogbo Etí Òkun, Baba Àwọn Apẹja, Ọ̀tá Fàyàwọ́, Ológun Tí Kì Í Sùn. Wọ́n ní kí ó wà lórí ìwé nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n máa fi ayẹyẹ bẹ̀rẹ̀ pínpín rẹ̀. Èmi ni mo kọ oyè yìí sínú prógíráàmù. Nígbà tí mo dé ààlà, oyè ṣì kù nílẹ̀. Mo ṣe ohun tí COBOL ní kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn ṣe: mo fi àmì kékeré kan síbẹ̀rẹ̀ ìlà kejì, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Mejò ní kí wọ́n gbé prógíráàmù náà wá kí òun rí orúkọ òun. Ó fi ìka tọ ìlà. Ó dé òpin rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ò nílò ògbufọ̀. “Ta ló ṣẹ́ mi sí méjì?”

Mo ní, “Sà, ẹ̀rọ kì í kà kọjá ibẹ̀ yẹn. Àyè méjìléláàádọ́rin ni.”

“Ta ló fún un láṣẹ pé kó dúró síbẹ̀?”

“Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é, sà.”

“Ìjọba tó kọjá ló ṣe bẹ́ẹ̀! Ìwà àìbófinmu nìyẹn. Láti òní lọ, mo fagi lé méjìléláàádọ́rin. Ẹ jẹ́ kó kà á lọ dé ìparí.”

Ẹ wo aláṣẹ! Ó fẹ́ fi àṣẹ ológun yí ààlà COBOL. Mo ti fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín sókè, àfi bí Agbébáàgì ṣe na ọwọ́ sórí pẹpẹ, tó fa ìwé ẹ̀rọ yọ, tó ń ṣí i. Wọ́n ti rán òun náà lọ kọ́ kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀, ìwọ̀nba tó lè kó ènìyàn sí wàhálà. Ó ní, “Sà, ó ṣeé ṣe. Ó wà níhìn-ín. Tí wọ́n bá yí àṣẹ ògbufọ̀ àti ti àgbà rẹ̀ padà, á kà á dé ọgọ́rin.”

Òtítọ́ ló sọ, kí Ọlọ́run foríjì í. Mo yíjú sí ọ̀gá mi. Bàbá ti funfun bí ẹja gbígbẹ tí iyọ̀ bò. Bí ẹ̀rọ bá ka ìlà dé ọgọ́rin, gbogbo ẹ̀yìn ààlà ló máa kà. Gbogbo ebi, gbogbo olè, láti ìgbà ológun àkọ́kọ́ títí kan ti ìsinsìnyí. Ó sì ní òfin COBOL kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ọ́fíìsì wa láìyẹ̀: òkè prógíráàmù ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí. Orúkọ ọ̀gá mi ló wà lórí gbogbo wọn.

Mejò ní òun ń lọ sí Íkejà, kí a ti ṣe é kí òun tó dé. Bí ó ṣe jáde báyìí, ọ̀gá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ, èmi náà jókòó tì í, a bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀yìn ààlà. Láti ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ lọ sókè, nítorí bàbá ní ìsàlẹ̀ ni ìbínú òun pọ̀ sí jù. Bí ó ṣe ń pa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rẹ́ ló ń sọ ìdí rẹ̀ fún mi. “Èyí, ọjọ́ tí wọ́n gbówó lé epo. Èyí, ìgbà tí àbúrò mi kú tí kò sí oògùn nílé ìwòsàn. Èyí, ìyẹn... mi ò tiẹ̀ rántí mọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an.” Mo ti rò pé eré lásán ni gbogbo rẹ̀. Ìwé àdúrà ni bàbá ń pa rẹ́ níṣojú mi.

A ti dé òkè, ó ku díẹ̀ kí a parí, ni iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà, kò sí dísù. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wa epo fún gbogbo ayé, kò sí dísù! Mo sáré dé Aradagun pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, mo sáré padà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Nígbà tí iná padà dé ní ọjọ́ kejì, a ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí a fi gbọ́ bàtà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mejò ò dé Íkejà. Òjijì ni àwọn ológun fẹ́ràn, bí wọ́n ṣe gba ìjọba ni wọ́n ṣe ń bẹ ọ́fíìsì wò.

Ó ní, “Ẹ ṣe é lójú mi.”

Kí ni mo lè ṣe? Mo yí àṣẹ ògbufọ̀ sí ọgọ́rin, mo yí ti àgbà sí ọgọ́rin, mo tẹ̀ ẹ́. Mo ń gbàdúrà pé kí iná tún lọ. Ìgbà tí a kò fẹ́ iná ni iná ìjọba máa ń dúró ṣinṣin. Ògbufọ̀ ń ka prógíráàmù lọ jẹ́jẹ́, ó ka oyè Mejò tán láìṣẹ́ ẹ, ó bọ́ sí ìlà tó tẹ̀ lé e níbi tí a ti ń dárúkọ ohun tí a fẹ́ mú jáde láti inú àká: nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ọlọ́kọ̀, abúlé rẹ̀. Ní ìkángun ìlà yẹn, ọ̀rọ̀ kan tí a ò tíì pa rẹ́ jókòó síbẹ̀. Ògbufọ̀ rò pé ó wà lára orúkọ tí a ń dá. Ó lọ wò ó nínú àká, kò rí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ta bébà jáde, ó dákẹ́.

Agbébáàgì já bébà náà, ó kà á sókè pé, “Àṣìṣe. AJOTO. A kò mọ ohun tí ó jẹ́.”

Mejò ní, “Ta ni Ajoto?”

Agbébáàgì ní òun ò mọ̀ ọ́n, kì í ṣe Yorùbá. Gbogbo wọn wo ọ̀gá mi. Òógùn ti bo bàbá. Èmi ni mo dá sí i, mo ní, “Sà, ẹ̀rọ ò mọ ẹni tí ó jẹ́ ni, sà. Orúkọ ni, wọn ò tíì fi ènìyàn sínú rẹ̀.”

“Níbo ló wà?”

“Ìsàlẹ̀ orúkọ yín gẹ́lẹ́, sà.”

Mejò rìn lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó fa ẹ̀wù rẹ̀ tọ́, ó ní, “Ìyẹn náà le láti dáhùn? Ẹ sọ fún un pé èmi ni.”

Mo gbọ́ tí ọ̀gá mi mí.

“Sà?” ni bàbá wí.

“Ṣé etí rẹ di ni? Ẹ̀rọ ń béèrè ẹni tí Ajoto jẹ́. Èmi ni. Kọ orúkọ mi síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo oyè mi.”

Mo fẹ́ sọ pé a lè pa á rẹ́, ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ológun ti pàṣẹ, ta ni mí? Mo la àyè tuntun sínú àká, mo fi AJOTO ṣe orúkọ rẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni má baà tún ṣẹ́ Mejò sí méjì, mo sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ògbufọ̀ lọ wo inú àká, ó bá Ajotọ́ níbẹ̀, ó rí ẹni tí ó jẹ́, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tún kígbe mọ́. Ìwé ọkọ̀ àkọ́kọ́ jáde kedere. Ní òkè rẹ̀, ẹ̀rọ fi orúkọ àyè náà ṣe àkọlé: AJOTO. Orúkọ Mejò tẹ̀ lé e, gbogbo oyè rẹ̀ pé.

Inú Mejò dùn. Ó ní iṣẹ́ tó dára nìyí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́ títí di ọjọ́ ayẹyẹ, nítorí àwọn ọ̀bàyéjẹ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọmọ ogun kan síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Mo bẹ ọmọ ogun náà, mo ní ìlà kan péré ni mo fẹ́ tún ṣe. Ó ní kò sí àyè. Mo bú u. Ó tún ní kò sí àyè.

Ọ̀gá mi ò lè jẹun mọ́. Mo lọ bá a nílé, ìyàwó rẹ̀ bu ẹja yíyan fún mi, òun jókòó, ó ń wo ògiri. Ó ní, “Ta ni wọ́n pè síbi ayẹyẹ? Àwọn apẹja. Kí ni àwọn apẹja? Ẹ̀gùn. Gbogbo wọn ló máa kà á. Ẹnìkan á rẹ́rìn-ín, Mejò á bi í léèrè, wọ́n á wo ẹni tó kọ ọ́.” Ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ní, “Ṣé irọ́ lo kọ ni?”

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta àtíbàbà síwájú ọ́fíìsì, lórí ibi tí wọ́n ti kó ẹ́ńjìnnì jọ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ti mọ́ féfé, kò ku ẹyọ kan. Àwọn apẹja jókòó sóòrùn, àwọn ìyá ẹlẹ́ja jókòó sẹ́yìn wọn, òjíṣẹ́ Ọlọ́run wà nínú ìbòji pẹ̀lú àwọn olóyè. Mejò jókòó sórí àga tó ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Wọ́n pe olórí àwọn apẹja láti Iworo pé kó wá gba ìwé àkọ́kọ́. Àgbà tó ti lọ sílé ìwé ìjọ ni, ó mọ̀wé kà dáadáa. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà ti lọ.

Ó gba ìwé, ó wò ó. Ojú rẹ̀ dúró sí òkè ìwé, kò kúrò níbẹ̀. Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wá ọ̀gá mi rí láàárín àwa òṣìṣẹ́. Àwọn méjèèjì jọ wo ara wọn. Mo di ọwọ́ bàbá mú, ó tutù bí ẹja inú omi.

Mejò ní, “Kà á sókè kí gbogbo wọn gbọ́.”

Olórí àwọn apẹja súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kà á bí ó ṣe yẹ kí a kà á, ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó bọ̀ nílẹ̀. “Ajotọ́: Mejò, Alábòójútó Gbogbo Etí Òkun, Baba Àwọn Apẹja, Ọ̀tá Fàyàwọ́, Ológun Tí Kì Í Sùn.”

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó fi aṣọ ìnujú bo gbogbo ojú rẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja kan fi etí gèlè bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mejò rí i pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sí Agbébáàgì létí, Agbébáàgì sì fi Yorùbá béèrè pé, “Ọ̀gá ní kí ẹ sọ ìtumọ̀ Ajoto lédè yín.”

Gbogbo Àgbádárìgì ń wo ẹnu àgbà kan. Ọ̀gá mi ti pa ojú dé. Olórí àwọn apẹja ká ìwé rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi sí àpò, ó ní, “Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé oyè ńlá ni. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan nǹkan, tirẹ̀ ni.”

Agbébáàgì túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín bo ojú Mejò. Ó dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Àwọn apẹja náà dìde. Ọ̀kan kígbe pé, “Ajotọ́!” Gbogbo wọn gbà á, tọkùnrin tobìnrin, àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké e látọkànwá, bí ẹni tí wọ́n ti di ẹnu rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u. “Ajotọ́! Ajotọ́!” Mejò ń juwọ́ sí wọn. Mo ti rí ayọ̀ láyé mi, mi ò tíì rí irú ti ọjọ́ yẹn. Èmi náà ké e títí ohùn mi fi há.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ibi tí Mejò gbà kọjá tí wọn kì í fi oyè yẹn kí i. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo oyè tó kù lọ. Ó sì pe ọ̀gá mi sí ọ́fíìsì, ó ní ẹ̀rọ náà ti mú kí àwọn aráàlú dá òun lọ́lá, kò sí ẹni tó máa lé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọdún yí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lu ìwé ìfẹ̀yìntì bàbá.

Èmi ni mo gbé ìwé náà lọ bá wọn nílé. Ọ̀gá mi na ìwé náà sí ìyàwó rẹ̀ láìṣí i. Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́ oníepo mọ́ ìró, ó gbà á, ó sì ń kà á jẹ́jẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ó yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ wa kí a rí i. Orúkọ Mejò ló wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà lórí rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi yíǹkì dúdú kọ oyè kan ṣoṣo tó fẹ́ràn jù kún un.

Obìnrin náà ní, “Ẹ wò ó. Fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.”